Oúnjẹ Fún Ẹni Tí Kò Rílé Sùn N'Ílọrin: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹni tí kò nílé lórí n'Ílọrin, tí ebi sì ń pa, kó má fi ọjọ́ rẹ̀ wá ilé kan tí wọ́n kọ "oúnjẹ ọ̀fẹ́" sí lára. Ọwọ́ àwọn èèyàn ni oúnjẹ wà, ó sì ní ọjọ́ àti wákàtí tó máa ń jáde. Ẹni tó bá mọ wákàtí yẹn á jẹun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Máràbá dé Tanke, ebi náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló lérè jù. Tí wọ́n bá ti kírun tán lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, àwọn tó ní àdúrà lọ́kàn máa ń gbé sàárà jáde: àkàrà, ẹ̀kọ, mọ́sà, dàbínù, nígbà mìíràn ìrẹsì. Mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ẹ́míà ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Ní tèmi, mọ́ṣáláṣí àdúgbò tó ń kírun Jímọ̀ ló dára jù. Oúnjẹ ibẹ̀ lè má tó ti ọ̀dọ̀ ààfin, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dù ú kò pọ̀, ojú sì máa ń tètè mọ ojú. Ẹ kí ládánì, ẹ bá wọn gbálẹ̀ tàbí kí ẹ bá wọn ká ẹní. Tó bá di Jímọ̀ kejì, ẹ ò ní jẹ́ àlejò mọ́.

Ẹ rí i pé abọ́ oníke olómorí kan wà lọ́wọ́ yín, èyí tó gba nǹkan bíi lítà kan, pẹ̀lú ṣíbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka èyí sí, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ńlá ló ń gbé lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ bu ọbẹ̀ fún yín kò ní wá ọ̀rá kiri nítorí yín. Bí ó bá tiẹ̀ wá a, oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n dì sínú ọ̀rá máa ń làágùn, kó tó di alẹ́ á ti kan. Ẹ ṣí omorí abọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀ títí ooru á fi lọ, kí ẹ tó dé e.

Ọjọ́ Ajé, Àtàláátà àti Àlàrùbá ni ọjọ́ tó le. Sàárà kì í pọ̀, òde ayẹyẹ kì í sí. Láwọn ọjọ́ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ lẹ ó lọ. Ìgbà méjì ni wọ́n máa ń nílò ọwọ́: kó tó di aago méje àárọ̀, nígbà tí omi wà ní pípọn tí igi sì wà ní lílà; àti lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìkòkò bá ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹ má lọ bá wọn nígbà tí èrò bá dúró lórí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá, ṣé ẹ ní ìkòkò tí mo lè bá yín fọ̀, kí ẹ fún mi lóúnjẹ?" Ẹ sọ ọ́ báyìí gan-an, torí bí ẹ ò bá dárúkọ oúnjẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fọ̀ ọ́ tán kí wọ́n bu omi ọbẹ̀ lásán fún yín. Ìkòkò ìrẹsì tó jóná ni wọ́n kórìíra jù. Ẹ bu omi gbígbóná sí i, ẹ jẹ́ kó rẹ fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi kànìnkànìn onírin kàn án. Ìyá tó bá rí i pé ìkòkò òun mọ́ fóò, tí ẹ ò sì fọwọ́ kan nǹkan òun, òun fúnra rẹ̀ ló máa wí pé kí ẹ padà wá lọ́la.

Òpin ọ̀sẹ̀, ayẹyẹ ni. Ìsọmọlórúkọ àti fìdáù ọjọ́ kẹjọ máa ń fẹ́ èèyàn tí yóò gbé àga, tí yóò fọ abọ́. Ẹ tètè dé kí àga tó sọ̀kalẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ kí ìsìn parí kí ẹ tó bèèrè àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aláìní. Nínú ìjọ Kátólíìkì, ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ bèèrè wọn ní ọ́fíìsì páríìṣì.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù ọdún. Fún ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n, oúnjẹ ìṣínu wà lọ́pọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí náà sì máa ń rí gbà bó bá jókòó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ dé síbẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìrun Mọ̀ǹgàríbì, ìyẹn ìrun ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, àwọn tó ṣe ìtíkáàfù ń sùn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ń jẹ sàárì níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀dọ̀ Lémọ́mù lẹ ó ti gba àyè. Sàká ìtúnu ààwẹ̀ máa ń jáde kí wọ́n tó kírun Yídì, ìrẹsì tàbí àgbàdo tí wọn kò tíì sè ló sì máa ń jẹ́. Ẹ̀tọ́ tálákà ni, ẹ má tijú gbígbà rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní iná, ẹ gbé e fún ìyá olóúnjẹ tó mọ̀ yín, kí ẹ sì máa fi jẹun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n. Tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ tàbí owó ní ẹnu géètì kan, tí èrò sì ti há, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, láàárín ọjọ́ mélòó kan, èèyàn kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ n'Íbàdàn, l'Ábújá àti n'Ókija, níbi tí wọ́n ti wá gba ọ̀fẹ́. Ti Ìbàdàn, ọmọdé márùndínlógójì ni. Bí èrò bá ti ká yín mọ́, ẹ ká apá méjèèjì síwájú àyà kí ẹ lè mí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú ohunkóhun tó bá jábọ́, kódà kó jẹ́ bàtà, kí ẹ sì máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀.

Oúnjẹ àṣẹ́kù lè pa èèyàn. Ẹ̀wà tó bá ń yọ̀, tó ń hó, ẹ dà á nù. Ìrẹsì tó sùn síta mọ́jú ń fa èébì bí wọ́n bá tiẹ̀ tún un gbé kaná, torí oró tó ti wọnú rẹ̀ kì í bá iná lọ. Gàrí àti ẹ̀pà gbígbẹ ló ṣe é tọ́jú: agolo gàrí méjì nínú ọ̀rá tí wọ́n so dáadáa á gbé yín kọjá ọjọ́ tó burú. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín, ẹ tú omi inú ọ̀rá méjì tó jẹ́ 50cl sínú ike, lítà kan nìyẹn. Ẹ fi ṣíbí kékeré tí wọ́n fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà sí i, àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀. Kí ó tẹ́jú o, kó má yọrí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó léwu. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́.

Omi ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́: mọ́ṣáláṣí ló sún mọ́ jù, lẹ́yìn ìrun Àsúbáà tí àyè ti gbà. Ẹ má fọ aṣọ níbi àlùwàlá, ohun tí wọ́n fi ń lé èèyàn nìyẹn. Ẹ sì má jókòó pẹ̀lú abọ́ ní oríta Pósítì Ọ́fíìsì, torí ìjọba Kwara a máa kó àwọn tó ń tọrọ lójú títì.

Ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni kí ẹ gbà lọ. Àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lóṣù kejì torí ara ti yá, ikọ́ náà lè padà, kó sì le ju oògùn lọ. Oògùn HIV náà kò gbowó. Bí ìjàǹbá bá ṣe yín, òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Nọ́ńbà 112 ni ẹ ó pè.

Ìforúkọsílẹ̀ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba àpapọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì máa ń bèèrè rẹ̀ níbi ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ kọ́ nọ́ńbà náà sórí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ fi pamọ́ sọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tàbí Lémọ́mù tó mọ̀ yín, torí àpò tí ẹ gbé sábẹ́ orí ní gèrèjì lálẹ́ ni olè kọ́kọ́ máa ń mú.