Ọjọ́ kejì Kérésì: epo tó dì lójú ẹ̀gúsí

Àkúrẹ́, ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kejìlá, 2025

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí débi pé epo pupa ti dì lójú ìkòkò ẹ̀gúsí àná. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ sanra lásìkò ọdún. Kí a tó gbé ìkòkò padà kaná, ká fi ṣíbí há epo yẹn kúrò. Ṣíbí ìjẹun kan epo tó nǹkan bí 120 kálórì (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), a sì lè há ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kúrò lójú ìkòkò ọdún kí adùn rẹ̀ má yẹ̀. Ọbẹ̀ ata tí a fi òróró ẹ̀pà sè kì í dì báyìí. Tirẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá dẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òróró lè ṣàn jọ, kí ẹ sì bù ú. Bí ẹ bá ń bù ú nígbà tó ṣì ń hó, ata ni ẹ ó máa rí bù, òróró á dúró síbẹ̀.

Àárọ̀ irú èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gun òṣùwọ̀n, tí ọkàn wọn á sì dà rú. Kílò kan ti lé, nígbà mìíràn ó tó méjì. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ọ̀rá kílò kan tó lè kún ara, ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan bí 7,700 kálórì lórí ohun tí ara rẹ̀ ń lò. Agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè jẹ ìyẹn lọ́jọ́ kan. Omi ló pọ̀ jù nínú kílò náà. Iyọ̀ inú ẹran díndín àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ń dá omi dúró sára, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan tò pamọ́ máa ń mú omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ dání. Bí oúnjẹ bá padà sí bó ṣe wà, omi yẹn á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá torí rẹ̀ lo oògùn ìgbẹ́, omi náà ló yà dànù. Ìfun kékeré ti fa agbára oúnjẹ sára kí oògùn ọ̀hún tó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó ń bọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù, láti òní títí di ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lóòjọ́, pẹ̀lú ṣíbí epo méjì ààbọ̀ tí a kò kà sí, ti tó 500 kálórì. Lọ́jọ́ mẹ́wàá, 5,000 nìyẹn, ó sì ju ìdajì kílò ọ̀rá lọ. Èyí kì í ṣe omi, kì í sì í lọ fúnra rẹ̀.

A ò ní sọ fún ará Oǹdó tàbí ará Àkúrẹ́ pé kó má jẹ iyán lọ́dún. Iyán loúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n gbígbé la ń gbé iyán mì, a kì í rún un, ìdí nìyẹn tí ikùn kì í fi í tètè mọ̀ pé òun ti yó; ó máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí iyán tẹ̀ lé e. Èyí tó tó ìkúùkù àgbàlagbà kan jẹ́ nǹkan bí 300 kálórì. Bí ó bá di méjì, kí ó jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán, kí alẹ́ ọjọ́ náà sì fúyẹ́.

Ọbẹ̀ ni ká mójú tó jù. Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀ ni òróró, nítorí náà ife ẹ̀gúsí lílọ̀ méjì kò nílò ju ṣíbí epo mẹ́ta lọ. Ẹ po ẹ̀gúsí pẹ̀lú omi díẹ̀ kó ki, ẹ dà á sínú ata, ẹ dé e, kí iná rọlẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òróró tirẹ̀ á yọ sójú. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kí iná pọ̀: ẹ̀gúsí á jó mọ́ ìdí ìkòkò, alásè á sì máa fi epo kún epo láti fi gbà á là. Ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ló kù, kó pọ̀ dáadáa. Ní ti adìẹ, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yan án. Ìgò òróró 75cl kan lé ní 6,000 kálórì, àwọn kan á fi din ẹran tán, wọ́n á tún fi ìyókù rẹ̀ se ọbẹ̀ ata.

Ẹ máa ka ara ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Iye ṣúgà tí wọ́n kọ síbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti 100ml, ìgò sì jẹ́ 50cl, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 10, àádọ́ta nìyẹn, ó ju kóró ṣúgà méjìlá lọ. Bíà 60cl náà lé ní 200 kálórì.

Kí á má fi ebi pa ara wa láàárọ̀ torí pé a ń lọ sóde lọ́sàn-án. Ẹni tí ebi ń pa kì í wo ìwọ̀n, ó sì léwu fún ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹyin méjì tàbí ẹ̀wà díẹ̀ kí a tó jáde tó. Bí ilé tí a ó yà bá jẹ́ márùn-ún, kí a jẹ oúnjẹ gidi ní ẹyọ kan. Ní àwọn tó kù, ẹran kan àti omi. A ò lè kọ oúnjẹ àgbà ṣá, àmọ́ a lè sọ pé, “Ẹ ṣé mà, ẹ bá mi dì í, màá gbé e lọ sílé.” Inú wọn á dùn.

Rírìn dára, gígun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600 náà dára. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìrìn kíákíá kò ju nǹkan bí 150 kálórì lọ, kò tó láti san gbèsè ìgò kan.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ènìyàn 272, sọ fún àwọn kan kí wọ́n máa wọn ara wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní àsìkò Kérésì, wọ́n sì fún wọn ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Nígbà tó parí, ìwọ̀n tiwọn fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò dín sí ti àwọn yòókù. Ọjọ́ Ajé, 29, ni kí a tún gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní ọdún: láàárọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tọ̀, kí a tó fi nǹkan kan ẹnu. Kí òṣùwọ̀n wà lórí sìmẹ́ńtì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì, kò sì ní ka iye tó péye.