Mo gbé ìjàpá mi lọ sábẹ́ igi ṣẹ́rì ní Washington

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí mo ti wà nínú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, "tík" nìkan ló dáhùn. Mo tún un yí, tík. Àyà mi já. Alẹ́ Fráìdè ni mo fọ ọkọ̀ yìí, mo fi wáàsì pa á títí mo fi ń rí ojú ara mi lára ilẹ̀kùn ẹ̀, àṣé iná inú ẹ̀ ni mo gbàgbé, ó tàn mọ́jú, ó ti fa bátìrì gbẹ. Ẹni tó bá mọ Volkswagen ìjàpá dáadáa mọ̀ pé abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ẹ̀ wà, ni mo bá tú àga, mo fi wáyà so ó mọ́ ti ọkọ̀ ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì we ìborùn mọ́rùn, ó ń tan iná fóònù sí mi lọ́wọ́. Kò bínú rárá, ó kàn ní "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra, oòrùn ò tíì yọ." Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wá dún pọ̀pọ̀pọ̀pọ̀ láti ẹ̀yìn, ìdùnnú yẹn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.

1973 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ mi, àwọ̀ búlúù ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i níbí ní Maryland rò pé nítorí pé ó ti di ohun àtijọ́ ni mo ṣe rà á, rárá o. Bàbá mi ní irú ẹ̀, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n ń tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen lọ́nà Àgbádárìgì, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975 yẹn. Tíṣà ni bàbá mi l'Ábẹ́òkúta, ìjàpá yẹn ló fi gbé gbogbo wa lọ sí ilé-ìwé kó tó di pé nǹkan le, ó tà á, ó fi san owó ilé-ìwé wa. Fótò kan ṣoṣo ló kù. Ó dúró lábẹ́ igi pánṣẹ́kẹ́, ọwọ́ kan lórí ọkọ̀, ọwọ́ kejì nínú àpò ṣòkòtò, òdòdó pánṣẹ́kẹ́ já bọ́ sórí ọkọ̀ yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ pánṣẹ́kẹ́ mọ bó ṣe ń pọ́n bí iná nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fótò yẹn ti ṣá, òdòdó ẹ̀ ti dà bí ewé gbígbẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yìí ló ti wà lọ́kàn mi pé mo máa ya òmíràn, kí bàbá mi rí i kí ojú ẹ̀ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Pánṣẹ́kẹ́ ò sí níbí, ṣẹ́rì ló wà, igi tí òdòdó ẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣẹ́rì kì í dúró de èèyàn. Ní 2024 mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ sí ìparí March, àwọn òdòdó yẹn lọ tètè yọ, 17 March ni National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn igi yẹn, kéde pé wọ́n ti pé, ìyẹn ni pé òdòdó 70 nínú 100 lára igi Yoshino, irú ṣẹ́rì tó pọ̀ jù níbẹ̀, ti là. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ewé tútù ti bo ẹ̀ka, òdòdó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi táwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gé ju 140 igi ṣẹ́rì lọ kí wọ́n lè tún ògiri etí Tidal Basin, adágún omi Washington tí ṣẹ́rì yí ká, kọ́, tó fi mọ́ igi kékeré kan tí inú ẹ̀ ti jẹrà táráyé ń pè ní Stumpy, tí òun náà ṣì ń yọ òdòdó pẹ̀lú bó ṣe rí yẹn. Àwọn èèyàn lọ dágbére fún un ní tòótọ́, mo sì rò pé ó tọ́ sí i.

Lọ́dún 2025 mi ò gba ọjọ́ kankan sílẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń wo ìkéde. 28 March, wọ́n ní ó ti pé. Ọjọ́ kejì, Sátidé, la gbéra.

Mi ò lọ sí Tidal Basin fúnra ẹ̀ torí èrò ibẹ̀ ò jẹ́ kí mọ́tò rí ibi dúró. East Potomac Park ni mo lọ, ilẹ̀ tó yọ gbọọrọ sínú omi tí wọ́n ń pe orí ẹ̀ ní Hains Point. Ohio Drive yí i ká, igi ṣẹ́rì wà létí títì, èèyàn lè páàkì sẹ́bàá wọn láìgun koríko. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gun koríko o, táyà ń tẹ gbòǹgbò wọn mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tá a débẹ̀. Àwọn ìbejì ń sọ pé ebi ń pa wọ́n, mo bá ń sọ ìtàn igi yẹn fún wọn kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. Pé ní 1910, 2,000 igi tí ìlú Tokyo kó ránṣẹ́ dé Washington, wọ́n bá kòkòrò àti àrùn lára wọn, ìjọba Amẹ́ríkà dáná sun wọ́n. Táyé lajú, "Gbogbo ẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Àwọn ará Jàpáàn ò sì bínú, Yukio Ozaki tó jẹ́ mẹ́yọ̀ Tokyo tún kó 3,020 ránṣẹ́, 27 March 1912 ni ìyàwó Ààrẹ Taft àti ìyàwó aṣojú Jàpáàn gbin méjì àkọ́kọ́. Èmi, ibi tí wọ́n ti tún un kó ránṣẹ́ yẹn ló máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Kí wọ́n sun ẹ̀bùn èèyàn, kó tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Oòrùn yọ ní nǹkan bí aago méje. Fótò àkọ́kọ́ ò dáa, ẹ̀ka igi kan dà bí ìwo lórí ọkọ̀. Títì yẹn, ọ̀nà kan ni wọ́n ń gbà á, èèyàn ò lè yí padà, nítorí náà kí n tó lè sún ọkọ̀ sẹ́yìn síbi tí mo fẹ́, mo ní láti wà á yípo gbogbo orí ilẹ̀ yẹn kí n tó padà débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yípo. Òdòdó funfun náà tún ń tan kámẹ́rà jẹ, ó ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń sọ ọkọ̀ di dúdú, mo fi ọwọ́ ara mi mú un tàn sí i. Lẹ́ńsì gígùn, 85mm, ni mo lò, mo rìn jìnnà sẹ́yìn kí òdòdó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè sún mọ́ ọkọ̀, kó dà bí ìkúùkù lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹnì kan tó ń sáré kọjá ní kí n mi igi kí òdòdó lè já sílẹ̀. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ irú òdòdó tí èèyàn fi ipá mú. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́ wá láti orí omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra wọn. Ọ̀kan balẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí búlúù yẹn ti ń dán jù, mo tẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó fẹ́lẹ́ débi pé mo rí búlúù ọkọ̀ láti inú ẹ̀, ìdí ẹ̀ pọ́n díẹ̀, etí ẹ̀ ní ibi kékeré kan tó dà bíi pé ọmọ jòjòló fi eyín ge é.

Mo sá lọ dúró. Ọwọ́ kan lórí ọkọ̀, ọwọ́ kejì nínú àpò. Ìyá Ìbejì ló yà á, ó ní "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bàbá yín gbé àgbọ̀n sókè." Ó ti wo fótò àtijọ́ yẹn jù mí lọ.

Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lórí WhatsApp, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ó pè mí. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní "Àkànní." Mo ní ẹ̀n, sà. Ó ní igi wo nìyẹn, ṣé ó ń so, mo ní èyí tó ń so ò tó nǹkan tí èèyàn ń jẹ. Ó ní kò burú, òun ò rí òdòdó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ní, "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ńkọ́? Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Mo gbé fóònù fún Ìyá Ìbejì, ó lọ dì í mú lẹ́yìn ọkọ̀. Mo wọlé, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló dáhùn, pọ̀pọ̀pọ̀pọ̀. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, mo fẹ́ pa á kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ni ìyàwó mi bá ju ọwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n ní ẹ má tíì pa á."