Èsì Ọjọ́ Kan Kò Tó Láti Fi Dá Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Lẹ́jọ́

Ìlú Kánò ni mo ń gbé, ní Sabon Gari, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti pọ̀ débi pé àlejò lè rò pé apá kan Ìbàdàn ni òun wọ̀. Ẹgbẹ́ méjì ni mo ń tì lẹ́yìn. Kano Pillars ni àkọ́kọ́, nítorí pé pápá ìṣeré Sani Abacha tó wà ní Kofar Mata kò jìnnà sí wa, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè pẹ́ ní ìlú yìí kí ariwo “Sai Masu Gida”, orúkọ tí wọ́n fi ń ki Pillars, má wọ̀ ọ́ lára. Arsenal ni èkejì, òun ni ó sì ń fa àríyànjiyàn jù lọ ní ilé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe irú rẹ̀ sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹ tó ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, tàbí kí wọ́n lọ ra atamátàsé tuntun, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìṣòro ẹgbẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ rí, nítorí pé èsì tó ń bí wa nínú sábà máa ń jẹ́ ohun tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá Hausa kan máa ń jókòó nítòsí wa ní pápá ìṣeré yẹn, Alhaji ni gbogbo wa ń pè é. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ Pillars níwájú lọ́hùn-ún, ojú Alhaji kì í sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó máa ń wò, àlàfo tó wà láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn àti aṣọ́lé. Àwa á ti máa jó pé a ti fi góòlù kan ṣíwájú, òun á sọ pé wọn yóò dá a padà láti apá òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì máa rí lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe aríran. Ó ti rí i pé ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì ń bá wọn lọ síwájú, kò sì sí ẹni tó ń dí àyè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa wo àwọn tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ wọn, pàápàá nígbà tí ara ẹgbẹ́ wa bá ń yá, nítorí pé ìgbà yẹn gan-an ni àìlera wọn máa ń hàn kedere, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kíyè sí i.

Nínú líìgì tiwa, èsì máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹgbẹ́ tó wà nílé ni ó sábà máa ń borí. Ọ̀nà jíjìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn tó fi bọ́ọ̀sì rìn láti Kánò dé Uyo tàbí Port Harcourt kò lè ní ẹsẹ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tó sun orí ibùsùn ara rẹ̀ mọ́jú. Pápá tí kò tẹ́jú wà níbẹ̀, ariwo èrò wà níbẹ̀. Ti rẹfirí náà wà níbẹ̀, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kano Pillars gba líìgì ní 2008, wọ́n sì tún gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra wọn láti 2012 sí 2014, bẹ́ẹ̀ ni ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni kò borí wọn nílé kí Nasarawa United tó já okùn náà. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ yìí kan náà já sí ìpele kejì ní 2022, kí wọ́n tó padà gòkè lẹ́yìn sáà kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan ti borí nínú mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tó gbẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti gbá wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀mì kan ní ilé onílé lè sọ òtítọ́ fún mi ju góòlù mẹ́ta tí a gbá wọlé ní Kofar Mata lọ.

Ẹ rántí Super Eagles ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Augustine Eguavoen ni ó kó wọn lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì borí Íjíbítì, Sudan àti Guinea-Bissau nínú ìsọ̀rí wọn. Ìyìn tí a kó lé e lórí nígbà náà kò kéré. Túnísíà fi góòlù kan péré lé wọn jáde. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Gánà ní Kumasi, wọ́n sì tún gbá ọ̀mì 1-1 ní pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Abuja. Gánà ni ó lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Qatar, nítorí góòlù tí wọ́n gbá sáwọ̀n nílé wa, inú sì bí àwọn kan débi pé wọ́n ya wọ pápá, wọ́n ba dúkìá jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu gbogbo ènìyàn wà lára aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù Thomas Partey yọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà papọ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pàdánù. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, góòlù mẹ́fà ni wọ́n gbá wọlé. Nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, góòlù kan ni, pẹ́nárítì sì ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàdé Túnísíà ni iwájú wọn ti gbẹ, oṣù méjì gbáko kí aṣọ́lé tó ṣe àṣìṣe kankan ní Abuja. Bí a bá pààrọ̀ aṣọ́lé, a kò tíì fọwọ́ kan ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ló le jù, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti lé. Ní 2024, wọ́n gbé Super Eagles lé Finidi George lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin. Nígbà tí oṣù kẹfà dé, ó gbá ọ̀mì pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà ní Uyo, ó pàdánù sọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Benin ní Abidjan, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ni ènìyàn lè mọ̀ nípa iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá láàárín àkókò bẹ́ẹ̀? Ẹ fi èyí wé ohun tí wọ́n ṣe ní Ìkẹ́nẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ogunmodede àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Remo Stars, ní iye àmì kan náà pẹ̀lú Enyimba níparí ìdíje 2023, iye góòlù ni ó sì gba ife lọ́wọ́ wọn. Ní 2024, Rangers ni ó gbà á, àwọn tún ṣe ipò kejì. Ẹgbẹ́ mìíràn ní orílẹ̀-èdè yìí ì bá ti lé e lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ká má tíì sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọn kò lé e, ó sì gba líìgì fún wọn ní 2025.

Ní ti Arsenal, àwọn tó wà ní ilé ìwòran wa ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 yóò rántí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Mikel Arteta, pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ láìgbá góòlù kan wọlé. Wọ́n ti ṣe ipò kẹjọ ní sáà méjì tẹ̀ léra wọn ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà n kò dá ẹni tó ń bínú lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka orúkọ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ wọ̀nyẹn yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó wà lẹ́yìn kò sí níbẹ̀, bóyá nítorí àìsàn tàbí nítorí pé wọn kò tíì rà wọ́n. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé, ipò karùn-ún ni wọ́n parí sí ní sáà náà, wọ́n sì ṣe ipò kejì ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Èmi kò sọ pé kí a máa mú sùúrù títí ayé. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò ni pé mo máa ń wò ó bóyá àṣìṣe kan náà ṣì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ bèèrè fún ti dé, tí wọ́n sì ti bá àwọn tó kù ṣiṣẹ́ pẹ́. Bí góòlù bá ṣì ń wọlé láti orí kọ́nà ní oṣù kejì bó ṣe ń wọlé ní oṣù kẹjọ, tí ẹni tí ó bèèrè fún sì wà nínú pápá, a jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n tún ṣe nìyẹn, kí ó máa lọ.

Rírà àti títa ni ó wá kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù lọ, nítorí Ahmed Musa. Àwa tí a wà ní Kánò kò lè gbàgbé sáà 2009/10, nígbà tó gbá góòlù 18 wọlé fún Pillars. Ó gba Netherlands kọjá sí CSKA Moscow ní Rọ́ṣíà, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń sọ bọ́ọ̀lù sí àlàfo ẹ̀yìn àwọn alátakò fún un láti sáré bá. Ní 2016, Leicester City, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mílíọ̀nù 16.6 pọ́n-ùn rà á. A yọ̀ bí ẹni pé Kánò ni wọ́n rà. Ìbéèrè tó yẹ ká bèèrè nígbà náà ni pé ta ni ó ń kúrò ní Leicester. N'Golo Kanté ni, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù padà ní àárín pápá, Chelsea ni ó rà á lọ. Àárín ni ihò wà, iwájú ni wọ́n kó owó tó pọ̀ jù lé, níbi tí Jamie Vardy ti ń sá irú eré tí Musa mọ̀ ọ́n sá. Òótọ́ ni pé wọ́n ra Nampalys Mendy fún àárín, ṣùgbọ́n ó farapa ní kùtùkùtù sáà. Góòlù méjì péré ni Musa gbá wọlé nínú líìgì. Àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò mọ bọ́ọ̀lù mọ́. Nígbà tí wọ́n yá a padà fún CSKA ní 2018, góòlù tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́sẹ̀ kan náà yẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Leicester yìí kan náà ra Wilfred Ndidi láti Genk, wọ́n sì fi í sí ibi tí Kanté ti kúrò. Kò sí ẹni tó jó ní ilé ìwòran wa lọ́jọ́ náà, nítorí pé ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù padà kì í wu èrò tó bí ẹni tó ń gbá a sáwọ̀n. Síbẹ̀ òun ni ó pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ sáà. Lóòótọ́, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Claudio Ranieri, ní oṣù kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí léraléra lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé lílé e ni ó tún ẹgbẹ́ náà ṣe. N kò lè pe onítọ̀hún ní òpùrọ́. Mo kàn ń sọ pé kí ó má gbàgbé ẹni tó ti dúró sí àárín pápá kí wọ́n tó lé e.

Arsenal náà ṣe irú rẹ̀. Ní sáà 2018/19, góòlù 73 ni wọ́n gbá wọlé, àwọn alátakò sì gbá 51 wọlé fún wọn. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Nicolas Pépé, ẹni iwájú, ni wọ́n fi mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn rà. Ó dára kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Bí àdéhùn bá jẹ́ ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 14.4 ni wọ́n máa ń kà sí ìnáwó lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí owó oṣù, ìyẹn ni ó sì fa á tí Chelsea fi fún àwọn kan ní àdéhùn ọlọ́dún mẹ́jọ kí òfin tó sọ ní 2023 pé wọn kò lè pín irú owó bẹ́ẹ̀ kọjá ọdún márùn-ún nínú ìwé. Agbábọ́ọ̀lù tí kò bá ipò mu yóò máa jẹ nínú owó ẹgbẹ́ fún ọdún púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jókòó sórí àga ìfidípò. Nígbà tí Pépé lọ ní 2023, Arsenal kò gba kọ́bọ̀. Martin Ødegaard, tí wọ́n kọ́kọ́ yá ní 2021 láti wò ó bóyá yóò bá wọn mu, kò tó ìdajì owó náà, òun ni ó sì di balógun wọn.

Èyí tó kan àwa ará ilé jù nínú ọ̀rọ̀ títà yìí ni mo fi sí ìkẹyìn. Lábẹ́ òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, bí agbábọ́ọ̀lù tó ní àdéhùn lọ́wọ́ bá ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn pẹ̀lú owó, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti ọmọ ọdún 12 sí 15, ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni, láti 16 lọ sókè, ìdá 0.5 ni. Lórí mílíọ̀nù 16.6 pọ́n-ùn, ẹgbẹ́ tó bá tọ́ ọmọ fún odidi ọdún kan nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 ní ẹ̀tọ́ sí 83,000 pọ́n-ùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ tó ń pín owó náà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ tí orúkọ ọmọ kò sí nínú ìwé rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ra bàtà àkọ́kọ́ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù ní Sabon Gari àti Fagge pé kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kí ẹ bèèrè ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ yín ní, kí ẹ forúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà, nítorí pé ó lè tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹgbẹ́ òkèèrè tó san owó lé e lórí.