Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú "vociferous" tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà fún ọmọ tó ń wáṣẹ́

Ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ló ní kí n bá òun kọ lẹ́tà reference. Ọmọ yẹn, tí ọ̀gá bá ka nǹkan tí ò tọ̀nà ní mítìn, tí gbogbo wa doríkodò tá à ń wo táìlì, òun ló máa nawọ́, á wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, owó yìí ò bára mu. Ohun tí mo fẹ́ yìn gan-an nìyẹn, mo bá kọ ọ́ pé ó jẹ́ "vociferous", torí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kojú ìjọba ológun bíi Gani Fawehinmi ni mo ti máa ń rí i, mo rò pé akíkanjú ló túmọ̀ sí.

Lẹ́yìn íńtáfíù ló pè mí, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Àǹtí, wọ́n bi mí pé ṣé mo máa ń bá èèyàn jà níbi iṣẹ́ ni."

Àyà mi já. Mo sáré ṣí díkíṣọ́nárì. Àṣé Látìn ni, "vox" ni ohùn, "ferre" ni kéèyàn gbé nǹkan, gbígbé ohùn sókè ló wà nídìí ẹ̀, ariwo ni, kì í ṣe ìgboyà! Kò burú láyè ara ẹ̀ o. Àwọn ìyá wa l'Ẹ́gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, tí wọ́n pariwo tí wọ́n kọrin lẹ́nu ààfin, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, ọ̀rọ̀ yẹn yẹ wọ́n dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń sojú abẹ níkòó láìjẹ́ pé ó pariwo, "outspoken" nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ èyí tó rọ̀ díẹ̀, ẹ lo "vocal". "Strident" ní tiẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn rárá, ohùn tó ń dun etí ni, àwa obìnrin ni mo sì rí i tí wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ jù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ òmíì. Mi ò pè é ní nǹkan kan mọ́, mo kàn ròyìn ọjọ́ tó nawọ́, owó tó ṣì, àti bí ọ̀gá ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tá a tún un kà. Mo fi ránṣẹ́, mo tún pè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti rí i, àmọ́ àwọn ti mú ẹlòmíì. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Lẹ́tà kejì yẹn ló gbé lọ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.