Àdúrà Tí Mo Gbà Nínú Bàálù

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará ilé Ọlọ́run, ẹ̀yin ọmọ Òṣogbo nílé lóko, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí sí ìyá aládìrẹ Òkèfìà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu mi ni Ọlọ́run ń wò, aṣọ òkú mi lẹ̀ bá máa rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi lónìí.

Àbújá ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo kó ọjà lọ fún àwọn oníbàárà mi. Bàálù náà pẹ́ kó tó gbéra, inú ti ń bí gbogbo wa. Nígbà tá a fi máa dé ìlú tá a fẹ́ balẹ̀ sí, òjò ti dé. À ń yí po lókè, à ń yí po. Ni mo bá gbóhùn sókè: “Olúwa, jẹ́ kó balẹ̀! Ìsinsìnyí ni kó balẹ̀!” Alhaji tó jókòó tì mí ṣe àmí.

Ó sì balẹ̀. Ó rọra balẹ̀ bí ẹyẹlé, a pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ò tíì tán lọ́wọ́ wa tí mo wo fèrèsé, tí mo rí i pé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà, ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, ṣì ń sáré kọjá, eré ò dínkù. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, gbogbo ara bàálù ń gbọ̀n. Ọ̀dà tán, a ò tíì dúró. A wọ koríko, gbì! Imú bàálù rì sínú ẹrẹ̀.

Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ inú bàálù ń pariwo pé ká fi ẹrù sílẹ̀. Èmi ṣì ń fa báàgì owó mi o! Ó gbá mi lọ́wọ́. Ọlọ́run á gbá ìṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ tiẹ̀ náà. Orí rọ́bà tí wọ́n nà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bàálù la ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ò bá mi bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń tún bàálù ṣe. Ó ní, “Mọ́mì, mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí tiyín títí àwọn olùwádìí á fi sọ tiwọn.” Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí: ẹ̀fúùfù á máa ti bàálù látẹ̀yìn, ọ̀dà á ti lọ púpọ̀ kí táyà tó kan ilẹ̀, táyà á wá gun orí omi, bíréèkì ò ní rí nǹkan dì mú, bí mọ́tò ṣe ń yọ̀ lójú títì nígbà òjò. Mo bi í léèrè ìbalẹ̀ jẹ́jẹ́ tá a pàtẹ́wọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí omi bá wà nílẹ̀, gbì ló yẹ kó balẹ̀, kí táyà lè la omi kọjá.

Ó sọ ti Toronto fún mi, lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2005. Èèyàn 309 ló wà nínú bàálù yẹn. Ọ̀dà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9,000. Nǹkan bí 3,800 ti lọ kó tó kanlẹ̀, nínú òjò. Ó já sí kòtò, ó gbiná, síbẹ̀ gbogbo wọn ló yè é. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Èyí tó wá gún mi lọ́kàn jù ni pé, bí ìbalẹ̀ ò bá ti ṣe déédéé, kí awakọ̀ gbé bàálù padà sókè ló dára. Háà! Lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Mo ṣépè fún un, mo ní kò mọ ọkọ̀ wà. Mo ti ká èpè náà o. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rèé, mo gbé e wá síwájú pẹpẹ. Ẹ̀yin akọrin, ẹ lù ú fún mi.