Wọ́n Ní Ìyà Jẹ Ẹ́

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Iléṣà.

Mo lọ san owó iṣu tí a fi ṣe ìnáwó òkú Màámi ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú àwọn elépo ni mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ọmọ màmá elépo nìyẹn. Háà, ìyà jẹ màmá yẹn o." Ohùn àánú ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé ìyà ni? A kò tíì já àbúrò mi lẹ́nu ọmú nígbà tí Bàbá kú. Àwọn ẹbí fẹ́ ṣú Màámi lópó, ó kọ̀, ó ní òun yóò máa ta epo òun, Ọlọ́run ni yóò sì jẹ́ ọkọ òun. Epo náà ni ó fi tọ́ gbogbo wa. Bí epo bá dé láti oko, kì í tà á lójú ẹsẹ̀. Yóò fi í sílẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tí ó bá sì kù nísàlẹ̀ ni àwa fi ń se ọbẹ̀ nílé, kò jẹ́ rọ ọ́ fún oníbàárà láéláé. Nígbà ọyẹ́ tí epo bá dì, a ó gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì sínú oòrùn. Bí ó bá ń wọn epo fún ènìyàn, yóò da ojú ìwọ̀n dé orí àrọ, yóò sì dúró títí ẹ̀kán ìkẹyìn yóò fi kán, bí òjò tilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ẹni tí ìyà ń jẹ kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Tàbí ó ń ní in...

Ìyá tirẹ̀ gbé ìkòkò omi lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà níbí nígbà ìsọjí 1930, nígbà tí Wòlíì Babalọlá ń gbàdúrà sí omi fún àwọn aláìsàn. Màámi kò tíì dáyé nígbà náà, síbẹ̀ ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó ru ìkòkò náà.

Ṣùgbọ́n ó ń gba ààwẹ̀ púpọ̀. A ti dàgbà kí á tó fura pé òmíràn nínú ààwẹ̀ wọ̀nyẹn bọ́ sí ọjọ́ tí oúnjẹ kò tó. Bóyá òun alára kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nítorí náà, obìnrin ọjà yẹn kò parọ́. Ó bí mi nínú láàárọ̀, kò bí mi nínú mọ́ báyìí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò mẹ́nu kan ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín Màámi! Bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Èkó bá fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà tí kò dá ṣáká kí i, yóò rẹ́rìn-ín títí yóò fi di ògiri mú, yóò sì ní kí wọ́n tún un kí.

Àbúrò mi fẹ́ kí a kó àwọn kẹ́ẹ̀gì náà fún ẹni tí ó bá nílò wọn. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn ná, nítorí òun nìkan ni Màámi kọ́ bí a ṣe ń fi ojú mọ epo tí ó dára, ó sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé òun fẹ́ mú méjì nínú wọn.