Ẹ̀yin Ọmọ Iṣẹ́, Ẹ Wo Ibi Tí Ẹ Ń De Wáyà Mítà Mọ́

Lánàá ni mo bá ọmọ iṣẹ́ kan tó ń yí preset (súkúrù kékeré tí a fi ń tún iye áńpíà tí ojú ẹ̀rọ ń kọ ṣe) lára inverter oníbàárà, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin, níbi tó ti ń fi í jó irin lọ́wọ́. Àyà mi já.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe tò iye ojú ẹ̀rọ lórí irin tí ẹ ń jó. Bí ọwọ́ bá ti gbọ̀n díẹ̀, kọ́réńtì á máa mì. Lóòdù tí kì í yẹ̀, tó ń gba kọ́réńtì ní ìwọ̀n kan náà, ni kí ẹ lò. Ìkejì, clamp meter (mítà tí a ń fi ẹnu rẹ̀ há wáyà) tó ń ka AC nìkan, kọ́réńtì tó ń lọ tó ń bọ̀, kò lè ka DC, èyí tó ń lọ sọ́nà kan, tó ń jáde lẹ́nu inverter. Ìkẹta, òdo ni kí ẹ kọ́kọ́ tò kí ẹ tó lọ sókè.

Ìkẹrin, ibi tí ẹ ń de wáyà mítà mọ́, ló ń dùn mí títí dòní. Mo ń ṣiṣẹ́ oṣù lábẹ́ ọ̀gá kan nígbà yẹn, ajórin kan sì gbé ẹ̀rọ wá. Shunt 300A, 75 mV la ní, ìyẹn irin tí kọ́réńtì ń gbà kọjá kí mítà lè fi fóltì kékeré orí rẹ̀ mọ iye áńpíà: mílífóltì 1 dúró fún áńpíà 4. Súkúrù kéékèèké méjì wà lára rẹ̀ fún wáyà mítà, bóòtì ńlá méjì wà fún kọ́réńtì. Ìkánjú mú mi, mo de wáyà mítà mọ́ bóòtì ńlá. Bóòtì ọ̀hún ti dógùn-ún, kò sì fún dáadáa. Mítà ka 30 mV, mo ní áńpíà 120 nìyẹn. Àṣé orí bóòtì tó dógùn-ún yẹn ni 5 mV ti wá nínú rẹ̀, 25 péré ló jẹ́ ti shunt. Áńpíà 100 péré ló ń jáde. Mo yí preset títí ojú ẹ̀rọ fi kọ 120.

Lọ́jọ́ kẹta, ajórin náà padà wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná yìí ò wọnú irin mọ́.” Mo ní kó gba ohun tí ojú ẹ̀rọ ń sọ gbọ́. Ẹni tó ti ń jórin kí n tó mọ mítà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún! Ó gbà mí gbọ́, ó lọ jó ẹsẹ̀ táńkì omi. Wọn ò tíì lò ó pẹ́ tí ẹsẹ̀ kan fi já. Ọlọ́run ló yọ obìnrin tó ń fọṣọ nísàlẹ̀.

Ọ̀gá gé owó mi fún oṣù mẹ́ta. Ó tọ́ sí mi. Èyí tí kò kúrò nínú mi ni pé ó dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, ó rí ibi tí mo de wáyà mọ́, kò la ẹnu.

Ìdí tí mo fi jágbe lánàá nìyẹn. Mo ti fi ọ̀dà pupa yí súkúrù kéékèèké wọ̀nyẹn ká lára gbogbo shunt tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.